Fíìmù Yorùbá tó ń mú àyà ẹni já: èwo ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, ta ló sì mọ̀ ọ́n darí jù?

Ọmọ Aládìrẹ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan ń lọ nílé wa, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ ju fíìmù Kòríà àti ti Amẹ́ríkà lọ. Wọ́n ní tiwa ò lè mú àyà ẹni já: bí eré bá ti ṣe díẹ̀, a ó ti mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi, babaláwo á ti dá ifá, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Mi ò gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa ka èyí tí wọn yóò wò, mo rí i pé ọ̀tọ̀ ni fíìmù tó dùn, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí èèyàn ò ní lè dìde níwájú ẹ̀. Irú èyí kejì yìí ni mo ń wá. Ẹ dárúkọ ẹ̀, ẹ sọ ẹni tó darí ẹ̀ àti òṣèré tó gbé e dúró, ẹ sì sọ ìdí. Màmá wa máa ń bá wa jókòó wò ó, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún mi níbi tó bá yẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ìparí fún ẹni tí kò tíì wò ó.

Àgbà Awòran (Ìbàdàn)

Ẹ gbé October 1 síwájú wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Kúnlé Afọláyan ló darí ẹ̀, Túndé Babalọlá ló kọ ọ́, ọdún 2014 ló jáde. Ìlú kan tí wọ́n pè ní Akọtẹ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1960. Ẹnì kan ń fipá bá àwọn ọmọbìnrin lò, ó sì ń pa wọ́n. Ìjọba òyìnbó tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ rán ọlọ́pàá kan tó wá láti òkè Ọya, Dánládì Wàsírì, pé kó lọ wá ẹni náà rí kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ibẹ̀ lọgbọ́n wà. Ọmọ Nàìjíríà wo ni kò mọ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá? Olùdarí ò nílò aago kankan lójú fíìmù, àwa tí à ń wò ó là ń ka ọjọ́, tí ọkàn wa ò sì balẹ̀ pé ọkùnrin yìí lè má bá a.

Ẹ wá wo Sadiq Daba tó ṣe Wàsírì, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, oṣù Kẹta ọdún 2021 ló fi wá sílẹ̀. Kì í pariwo, kì í fọwọ́ gbá tábìlì. Bó bá bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ tán, á dákẹ́, á máa wò ó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí onítọ̀hún lè gbé ẹnu sinmi. Ọlọ́pàá tó ń gba rìbá pọ̀ nínú fíìmù wa, èyí tó ń ronú ló ṣọ̀wọ́n. Káyọ̀dé Ọláìyá, Adérùpọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ló ṣe Sájẹ́ńtì Afọ̀njá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: ọ̀kan gbọ́ èdè ìlú náà, èkejì ò gbọ́ ọ, ẹni tí kò gbọ́ ọ yìí sì lọ̀gá.

Ìkìlọ̀ fún Màmá: ọ̀rọ̀ ìfipábánilò wà nínú ẹ̀, kò sì rọrùn láti wò. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Ìyá Ìbejì (Mọ́kọ́lá)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò bá yín jiyàn lórí Daba. Ṣùgbọ́n èdè òyìnbó pọ̀ nínú October 1, àríyànjiyàn ilé Ọmọ Aládìrẹ sì dá lórí fíìmù Yorùbá. Saworoidẹ ni tèmi. Ẹ má wí pé fíìmù àṣà ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nílé ìwé ló jẹ́ ká gbàgbé bó ṣe ń dẹ́rù bani.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ òfin ìlú Jogbo fún wa látilẹ̀: ọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́ tó so òun, adé àti ìlù saworoidẹ pọ̀. Ẹni tí kò bá gba gbẹ́rẹ́ tó dé adé, bí wọ́n bá lu ìlù náà, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité wá kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gbé ìlù kọ́ èjìká nínú fíìmù náà ni àyà mi ń já. Kò sí ẹni tó ń fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi. Mo mọ òfin, mo mọ ẹni tó rú u, ohun tí mi ò mọ̀ ni ìgbà tí ọ̀pá yóò kan ìlù. Túndé Kèlání ló darí ẹ̀ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe Lápité, Kúnlé Bámtẹ́fà ṣe Lágàta, Adébáyọ̀ Fálétí ṣe Baba Ọ̀pálábá tó ń fi òwe sọ ohun tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ. Nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ wo ẹni tó ṣe Arẹ̀ṣẹ̀jábàtà dáadáa. Kúnlé Afọláyan ni.

Àgbà Awòran

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ èyí, Ìyá Ìbejì. Àwọn èèyàn máa ń tò wọ́n sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ni Kèlání àti Afọláyan, bẹ́ẹ̀ iwájú kámẹ́rà Kèlání ni ọ̀kan ti kọ́ iṣẹ́ lára èkejì.

Akin Ṣómólú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí Èkó. King of Boys. Kẹ́mi Adétiba. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé. Ọ̀rọ̀ tán.

Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Àwa tí a dàgbà mọ́ Super Story, Tóyìn Tòmátì la mọ Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé sí, obìnrin tí ohùn ẹ̀ ń mi ilé. Adétiba gba ohùn yẹn, ó sì kọ́kọ́ tì í mọ́lẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òde àríyá la ti bá Ẹniọlá Sàlámì, gèlè ga, àwọn ọlọ́lá yí i ká. Lẹ́yìn náà la rí ohun tí obìnrin yìí lè ṣe nínú yàrá tí ojú àlejò ò tó. Láti ìgbà náà, bó bá rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù onítọ̀hún ló ń bà mí. Ká máa bẹ̀rù olórí eré, ká tún máa bẹ̀bẹ̀ fún un lọ́kàn wa pé kó má ṣubú, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Wọ́n fún Ṣóbọ̀wálé ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù ní AMAA (Africa Movie Academy Awards) ọdún 2019, ó sì tọ́ sí i.

Reminisce náà ńkọ́? Olórin ni, síbẹ̀ Makanaki tó ṣe ò ṣeé gbàgbé. Kì í yára sọ̀rọ̀. Á fẹ̀yìn ti àga, á wo àwọn àgbà lójú, ẹ ó sì rí i pé àwọn tó kù lórí tábìlì náà ò mọ ibi tí wọn yóò kọjú sí.

Ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì: ẹ wo fíìmù ọdún 2018 kí ẹ tó wo ẹ̀dà alápá méje tó jáde lórí Netflix ní 2021. Àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, wọn ò sì mọ ìdí tí ojú Ẹniọlá fi rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, ó ń lọ sí wákàtí mẹ́ta.

Àbẹ̀kẹ́ (Peckham)

Ẹ káalẹ́ o. Mo bá Akin lọ lórí Adétiba, ṣùgbọ́n To Kill a Monkey tó ṣe ní 2025 ni n ó kọ́kọ́ fi han àwọn ọmọ náà, nítorí ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà níbí.

Ìṣòro fíìmù wa ni pé ojú òṣèré ti máa ń tú àṣírí. Bí àwọn kan bá ti wọlé, àwa tí à ń wòran ti mọ̀ pé àwọn ló pa á. Bí àwọn mìíràn bá wọlé, a mọ̀ pé wọn ò ní kú. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti fi ń ṣe irú ipa kan náà, ojú wọn sì ti di ìwé tí gbogbo wa ti kà tán. Adétiba wá mú William Benson, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ dunjú, ó fi ṣe Ẹfẹ, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àmọ́ tí ìyà ń jẹ, tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan wá fa wọ inú jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọlúàbí ni yóò jẹ́ dé ìparí àbí yóò di ẹranko. Bí mo ṣe ń wo ojú ẹ̀ ni mo ń wá ibi tí ìwà ẹ̀ yóò ti yí padà. Bucci Franklin tó ṣe Oboz, ọ̀rẹ́ yẹn, ló wá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí iná tó rí epo. Ẹ tún wo Bímbọ́ Akíntọ́lá tó ṣe ọlọ́pàá: ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ara ẹ̀ ò yá, síbẹ̀ ó ń tọ ipasẹ̀ wọn.

Èdè òyìnbó àti píjìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, Ìyá Ìbejì, ẹ dárí jì mí. Fún àwọn ọmọ tó ti mọ fíìmù Kòríà lójú, afárá tó dára ni. Bí wọ́n bá ti gba Adétiba gbọ́, wọn á tẹ̀lé yín dé Saworoidẹ.

Ìyá Ìbejì

Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ojú òṣèré yẹn, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Àwọn tó ń pín ipa ló yẹ kó gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń fún àwọn arúgbó òṣèré wa tó níwà pẹ̀lẹ́ ní ipa ọ̀daràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo bí àyà wa yóò ti máa já.

Àkàndé (Ọ̀yọ́)

Ẹ ti gbàgbé fíìmù ogun. Jagun Jagun, 2023. Lateef Adédiméjì ni Gbótìjà, ọmọ tó wá kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ Ògúndìjì, Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló sì ṣe Ògúndìjì. Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ àti Adébáyọ̀ Tìjání ló darí ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò ní lè wí pé owó ò wọ inú ẹ̀.

House of Ga'a náà wà, Bọ́láńlé Austen-Peters ló ṣe é ní 2024, Fẹ́mi Branch ṣe Baṣọ̀run Gáà. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé bí o láyà kí o ṣe ìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sọ òótọ́. A mọ̀ pé Aláàfin Abíọ́dún ló ṣẹ́gun ẹ̀, ní 1774. Síbẹ̀ mo wò ó dé òpin.

Akin Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o. Bí gbogbo Ọ̀yọ́ bá ti mọ bí Gáà ṣe kú, kí ló kù tó lè já wa láyà? Ìtàn ni, ó sì gbayì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Ọmọ Aládìrẹ ń wá.

Àkàndé (Ọ̀yọ́)

Mo mọ ikú Gáà. Mi ò mọ ẹni tí Gáà yóò pa lónìí, kí ó tó dé ibi ikú tirẹ̀. Ẹ tún wò ó, Akin. Ẹ wo àwọn tó ń jókòó ti Gáà, ẹ má wo Gáà fúnra ẹ̀. Bí Branch bá ti sọ ohùn kalẹ̀, gbogbo wọn á dúró bí igi. Ọba gan-an ń kúnlẹ̀ fún un. Bí èèyàn bá bọ́ sí abẹ́ irú olóyè bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n wo ni yóò fi yè é? Ohun tí mo ń wò nìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Lórí Jagun Jagun, èmi fẹ́ràn ìdajì àkọ́kọ́ ju ìkejì lọ. Nígbà tí Agẹmọ, jagunjagun inú fíìmù náà, ṣì ń jáde tẹ̀yìn-tẹ̀yìn pẹ̀lú ìbòjú, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n, tí gbogbo ọmọ ogun sì ń wo ara wọn, ìgbà yẹn ni mi ò mí. Nígbà tí ìjà wá pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú yàà, ẹ̀rù ò bà mí mọ́, ó kàn rẹ̀ mí ni. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń dẹ́rù bani. Màmá Ọmọ Aládìrẹ ò ní fẹ́ràn apá yẹn, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wòlíì Kámẹ́rà (Òṣogbo)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìrọ̀lẹ́. Ẹ ò dárúkọ The Figurine, ó sì yà mí lẹ́nu gidi, nítorí òun gan-an ló dáhùn ẹ̀sùn tí àwọn ọmọ yẹn fi kan fíìmù wa, pé babaláwo ló máa ń parí gbogbo ẹ̀.

Afọláyan ló darí ẹ̀ ní 2009, Kẹ́mi Adéṣọyè ló kọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó wà ní àgọ́ NYSC rí ère kan nínú ojúbọ àtijọ́ kan nínú igbó. Ìtàn ìlú sọ pé ọdún méje ni òrìṣà náà ń fi ire jíǹkí ẹni, lẹ́yìn ẹ̀ ọdún méje ni ibi yóò fi tẹ̀ lé e. Ire náà dé lóòótọ́. Ibi náà dé. Lẹ́yìn náà ni fíìmù náà wá ṣe ohun tí mi ò rí olùdarí wa mìíràn ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀: ó fi ọ̀nà kejì hàn wá, pé ó lè jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ṣe gbogbo ẹ̀. Gbogbo àmì tí a ti rí tẹ́lẹ̀ bá ọ̀nà méjèèjì mu. Kò sì dá ẹjọ́ náà fún wa.

Ramsey Nouah ló ṣe Fẹ́mi nínú ẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí olólùfẹ́ tó ń sunkún, Afọláyan sì lo ohun tí a mọ̀ yẹn láti fi bo ojú wa. Àbẹ̀kẹ́, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yín bá èyí náà mu: bí olùdarí bá gbọ́n, ojú tí a mọ̀ náà lè tàn wá jẹ. Bí ẹ bá wò ó tán, Ọmọ Aládìrẹ, ẹ bi àwọn ọmọ náà pé òrìṣà ni àbí èèyàn. Ẹ ó gbọ́ ariwo.

Ọmọ Aládìrẹ

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tún ń béèrè Gangs of Lagos, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wò ó níwájú Màmá?

Akin Ṣómólú

Fún àwọn tó ti tó ọjọ́ orí nìkan. Prime Video ló gbé e jáde ní 2023, Jádé Ọ̀ṣìbẹ́rù ló darí ẹ̀. Tóbi Bakre sì fi ara ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìjà ẹ̀ dá mi lójú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe lo Èyọ̀ nínú ẹ̀ bí àwọn ọmọ ìlú Ìsàlẹ̀ Èkó nínú, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí Màmá yín bá jẹ́ ọmọ Èkó, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó tan tẹlifíṣàn.

Àgbà Awòran

Dípò ìyẹn, Magun ni kí ẹ wò pẹ̀lú Màmá, Thunderbolt tí Kèlání ṣe ní 2001. Wọ́n fi mágùn sára obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìgbò, ọkọ ẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Ọjọ́ ń lọ lórí ẹ̀mí ẹ̀, dókítà ìwòsàn òyìnbó àti onísègùn ilẹ̀ wa sì jọ wà nínú yàrá kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń wá ọkùnrin tí yóò gbà láti fi ẹ̀mí ara ẹ̀ dán an wò, mi ò ní sọ̀rọ̀ jù. Àwọn àgbà ní ohun púpọ̀ láti sọ lórí mágùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ (Peckham)

Ìmọ̀ràn lórí bí ẹ ó ṣe wò ó. Ẹ má fi ẹ̀rọ fóònù wo Saworoidẹ, mo bẹ̀ yín. Ohùn saworo ara ìlù yẹn kéré, ó sì ga. Gbohùngbohùn fóònù kì í gbé e jáde dáadáa, bí ẹ ò bá sì gbọ́ ọ, ìdajì ẹ̀rù inú fíìmù náà ti lọ. Ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣàn, tàbí kí ẹ rí gbohùngbohùn kékeré kan yá. Bí dátà bá wọ́n, ẹ fi òru wà á sórí ẹ̀rọ kí iná tó lọ. Ẹ sì yẹra fún àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ń jí pín lórí Telegram. Wọ́n máa ń gé ìparí, bẹ́ẹ̀ ìparí ni gbogbo nǹkan nínú irú fíìmù yìí, owó náà ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ní ti àkọlé ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún àwọn ọmọ tí Yorùbá wọn ò jinlẹ̀. Òwe Baba Ọ̀pálábá yóò bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ máa dá fíìmù dúró, kí Màmá túmọ̀ ẹ̀.

Wòlíì Kámẹ́rà (Òṣogbo)

Ọ̀rọ̀ olùdarí tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, a ò tíì dá a. Èmi fún Afọláyan ní ipò kìíní nínú irú eré yìí, nítorí October 1 àti The Figurine. Kèlání ni bàbá gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìlú àti ìwà ló jẹ ẹ́ lógún ju àdììtú lọ. Adétiba ló mọ bí a ṣe ń ti òṣèré dé ibi tí kò dé rí. Fẹ́mi Adébáyọ̀ àti àwọn èèyàn ẹ̀ mọ ìran tó tóbi, mo sì yọ̀ nígbà tí wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù ní AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards) 2025 fún Seven Doors. Ohun tí mo fẹ́ láti ọwọ́ ẹ̀ ni fíìmù kékeré kan tí kò ní ẹṣin, tí kò ní ogun, ilé kan àti èèyàn díẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn ń purọ́.

Ìyá Ìbejì

Kí wọ́n gbé Lápàdé sí fíìmù, kí wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ka Àjà Ló Lẹrù àti Àgbàlagbà Akàn ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ ohun tí mo ń sọ. Láti 1969 la ti ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa nínú ìwé Yorùbá, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ń lé àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kiri Ìbàdàn, tó sì ń fi Yorùbá tó dùn bí oyin bú wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò ní béèrè Kòríà mọ́.

Akin Ṣómólú

Ta ni yóò wá ṣe Lápàdé? Lateef?

Ìyá Ìbejì

Lateef mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì jẹ́ ti ọ̀dọ́. Lápàdé ti rí ayé. Fẹ́mi Branch ni mo dìbò fún.

Àkàndé (Ọ̀yọ́)

Mo kín in lẹ́yìn. Kí wọ́n bọ́ aṣọ olóyè lọ́rùn ẹ̀, kí wọ́n wọ̀ ọ́ ní bùbá àti ṣòkòtò lásán, kí kámẹ́rà sì tẹ̀ lé e gba Ọjà Ọba.

Àgbà Awòran

Afọláyan ni kó darí ẹ̀, kí ó jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ìwé náà, ẹ kọ ọ́ síbí.